Ìwádìí Ti Wà Nílẹ̀ Láti Ọdún 1970, Ta Ló Ń Kà Á?

 

Ọ̀rọ̀ tòní ti wà lọ́kàn mi láti oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa, Túnjí Alausa, dìde níbi àpérò kan tí British Council ṣe ní Àbújá, ó sì kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ìlànà tí wọ́n fagi lé yẹn, ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba tó wà níbẹ̀ nígbà náà fọwọ́ sí i. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta gééré tó fi kú.

Lọ́jọ́ yẹn, fóònù mi kò sinmi. Ẹ mọ bí WhatsApp ẹbí ṣe máa ń rí. Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣé Yorùbá ni ọmọ máa fi wá iṣẹ́ ni? Àwọn kan ní ọ̀tá Yorùbá ló ṣe é. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni ti dán nǹkan yìí wò rí, kí a mọ èyí tó ṣiṣẹ́?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tó tẹ̀lé e fi sítíkà ẹ̀rín ránṣẹ́.

Wọ́n ti dán an wò. Wọ́n dán an wò dáadáa, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nílẹ̀ Yorùbá níbí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo wà ní praimárì ní Ìlaròó, pátákó kékeré kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n fi okùn sí. Bí o bá sọ Yorùbá, ọrùn rẹ ni pátákó náà máa wà títí ìwọ náà á fi ká ẹlòmíràn mọ́ ibi tó ti ń sọ ọ́. Mo gbé e kọ́rùn ní odindi ọ̀sán kan nítorí pé agbọ́n ta mí mo sì pariwo "Yéè, ìyá mi o!" Mo máa ń rò ó títí dòní pé kí ni wọ́n retí kí n sọ. Ta ni agbọ́n máa ń ta tó máa kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu?

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìbínú díẹ̀ nínú ohùn mi lónìí, ẹ ti mọ ibi tó ti wá.

Ìtàn méjì ni mo mú wá. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Ayétòrò tiwa níbí, èkejì ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Nínú méjèèjì, àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ jókòó, wọ́n dán nǹkan wò, wọ́n rí èsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èsì náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ìtàn gan-an.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ praimárì ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Stephen Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ ló ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Ọmọ ya lu ilé-ẹ̀kọ́ bí omi. Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, iye wọn kọjá 800,000. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣe tán ní praimárì, ibo ni wọ́n ń lọ? Ilé-ẹ̀kọ́ girama kò tó, kì í ṣe ọ̀fẹ́, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀ dá lórí ọmọ tó fẹ́ di akọ̀wé. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá lórí igi tàbí irin, tàbí èyí tó fẹ́ dáko, kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 1960, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ S. A. Bánjọ kí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Lára ohun tí wọ́n rí ni èyí tí ìyá àgbà yín náà lè sọ fún yín láìkọ ìwé: àwọn tísà tí kò kọ́ṣẹ́ tísà pọ̀ jù nínú kíláàsì.

Ní 1963 ni wọ́n dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò. Nígbà náà, Ẹ̀gbádò ni gbogbo ayé ń pe agbègbè wa, orúkọ Yewa kò tíì dé. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fi owó àti èèyàn ràn án lọ́wọ́ nípasẹ̀ USAID, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ láti Yunifásítì Harvard sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìdánwò ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe kí oríṣiríṣi ọmọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà: kí gbogbo wọn jọ kọ́ nǹkan kan náà fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìṣòwò àti ìwé, kí àwọn tísà máa wo ibi tí ọwọ́ oníkálukú mọ́ sí, lẹ́yìn náà kí oníkálukú yà sí ọ̀nà tirẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọdún tó kù. JSS àti SSS tí èmi àtẹ̀yin lọ nìyẹn, ní nǹkan bí ogún ọdún kí ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Social Studies náà, tí gbogbo wa há sórí ní JSS, Ayétòrò wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ gbéra. Àwọn tísà ibẹ̀ wò ó pé ìtàn ọba ilẹ̀ òyìnbó àti odò ilẹ̀ òyìnbó kò kan ọmọ Ẹ̀gbádò, wọ́n pa ìtàn, ìmọ̀ ilẹ̀ àti ìmọ̀ ìlú pọ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Mo ti kọjá ní iwájú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà láì mọ èyí. Ẹni tó sọ fún mi kì í ṣe ọmọ Yewa pàápàá.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá kọ ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní 1977, ètò 6-3-3-4 ló wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ẹ lè sọ pé ìjọba lo ìwádìí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lò ó, bí ẹni tó ra ìkòkò tó gbàgbé ọbẹ̀. Ní Ayétòrò, tísà àti irinṣẹ́ ló bá ìlànà rìn. Ní 1982, ìlànà ló kọ́kọ́ dé. Ìjọba kó ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀lú láti òkè òkun, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀rọ náà wà nínú pákó tí wọ́n fi dì wọ́n títí wọ́n fi dípẹtà, nítorí kò síná, kò sí yàrá tí wọ́n máa tò wọ́n sí, kò sí tísà tó mọ̀ wọ́n lò. Ẹni tó bá lọ girama ní àwọn ọdún 1980, ẹ bi í léèrè nípa Intro Tech. Ẹ máa gbọ́ ìtàn.

Ìtàn kejì ló dùn mí jù, nítorí pátákó ọrùn mi ló kàn.

Alíù Babátúndé Fáfúnwá ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ní New York University, ní 1955. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1960, ó ti wà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìbéèrè kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìlànà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí ọmọ fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá já a sínú Gẹ̀ẹ́sì ní praimárì kẹrin. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀fọ̀ ni ìyẹn. Ọmọ kò tíì dúró dáadáa nínú ọ̀kan tí wọ́n ti gbé e sínú èkejì. UNESCO náà ti gbé ìwé kan jáde ní 1953 tó sọ pé èdè ìyá ọmọ ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà kọ sínú ìwé ní Paris kò tó fún wọn. Wọ́n fẹ́ rí i lójú ara wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, pẹ̀lú owó láti ọwọ́ Ford Foundation, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's "A" Primary School ní Modákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọmọ fi Yorùbá kọ́ gbogbo nǹkan fún odindi ọdún mẹ́fà: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò níbẹ̀ o. Wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tísà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló sì ń kọ́ wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwọn ọmọ gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Ní 1973 wọ́n tàn án dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ méjì yẹn, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun kan dára, mi ò ní dà á sí oko mi ní Ayétòrò kí n wá fi èso rẹ̀ wé ti oko ẹlòmíràn ní Sókótó. Òjò wọn yàtọ̀, ilẹ̀ wọn yàtọ̀. Inú oko kan náà ni mo máa pín sí méjì. Ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́ nìyẹn. Tí mínísítà bá wá sọ pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ìfìdírẹmi pọ̀ sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí tísà béèrè ni pé: kí ni nǹkan mìíràn tó tún yàtọ̀ níbẹ̀? Ṣé tísà tó? Ṣé ìwé wà? Ṣé ọmọ jẹun kó tó kúrò nílé? Ṣé wọ́n tilẹ̀ lo èdè abínibí náà bí ìlànà ṣe ní kí wọ́n lò ó, àbí orí ìwé nìkan ló wà?

Iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́ kò rọrùn. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì praimárì kẹfà ní Yorùbá nígbà yẹn, àwọn ni wọ́n jókòó kọ ọ́. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún nǹkan tí a kò fi ẹnu Yorùbá pè rí nínú kíláàsì. Wọ́n kọ́ àwọn tísà. Ẹni tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ni Adébísì Afọ́láyan, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ràn ibi yẹn gan-an. Ẹni tí iṣẹ́ ayé rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ, nítorí ó mọ̀ pé kíkọ́ èdè yàtọ̀ sí fífi èdè kọ́ nǹkan mìíràn.

Kí wá ni èsì rẹ̀? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan. Nínú ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ, wọ́n bá àwọn yòókù dọ́gba tàbí kí wọ́n ta wọ́n yọ. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́, èyí tí àwọn òbí ń bẹ̀rù? Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà kò kéré sí àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ nípa èsì náà fún gbogbo ayé kà ní 1984. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1989.

Mi ò ní kí ẹ gbé e mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu o. Ìbéèrè gidi wà. Kíláàsì tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ní tísà Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, ó ní ìwé tuntun, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń wọlé wọ̀de níbẹ̀. Tísà tó mọ̀ pé yunifásítì ń wo òun á múra sí i. Báwo la ṣe mọ ìwọ̀n tí Yorùbá ṣe àti ìwọ̀n tí àbójútó ṣe? Ìbéèrè kejì: Modákẹ́kẹ́ jẹ́ ibi tí gbogbo ọmọ gbọ́ Yorùbá. Ní apá Ìpókíá níbí, ọmọ tí ń sọ Ègùn nílé ń bẹ. Ní Ìlaròó, Ìgbò àti Haúsá wà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú wa. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwádìí Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tó ti kà á nìkan ló lè bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ tísà praimárì ní ìlú kan létí bọ́dà. Mo pè é nígbà tí mo ń palẹ̀ ètò yìí mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ mọ Ife Six-Year Primary Project?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n bi wá nínú ìdánwò NCE. Mo kọ ọdún rẹ̀, mo kọ orúkọ Fáfúnwá, mo gba máàkì." Mo ní kí ni wọ́n rí níbẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní Yorùbá dára." Mo bi í bóyá wọ́n fi han án rí bí wọ́n ṣe kọ́ ìṣirò praimárì kẹrin ní Modákẹ́kẹ́, ìwé wo ni wọ́n lò, báwo ni tísà ṣe mú ọmọ láti Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Ta ló fẹ́ fi han wá?"

Mi ò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ìwádìí tó yẹ kó yí ọwọ́ tísà padà ti di ìbéèrè máàkì márùn-ún. Wọ́n há a sórí, wọ́n dà á jáde, ó tán.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó tún sọ. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta ọjà ní Ìdí-Ìrókò. Ní ọjọ́ ọjà, ọmọ náà ló ń gba owó. Tí oníbàárà bá mú sẹ́fà wá, á yí i sí náírà lórí láì lo kakulétọ̀, á yọ owó ọjà kúrò, á fún un ní ṣéńjì. Ọmọ yìí kan náà gba òdo nínú ìṣirò nítorí pé ìbéèrè náà ní "How many were left altogether?" kò sì mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dáhùn. Ó ní ẹ̀rù ba òun pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa gbọ́.

Tísà kan ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣe ohun tí ìwádìí ti sọ pé ó ṣiṣẹ́ láti bíi àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹnu bọ́dà gan-an, nítorí àwa tí a wà níbí ní ohun tí ará Èkó kò ní. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà gba àárín àwọn èèyàn wa kọjá. Kétu àti Sakẹ́tẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ wá ohun tí ìlà yẹn ṣe sí wa. Ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 dé 1945 jáde ní 1976. Ìran kan náà, èdè kan náà, ìjọba méjì.

Lọ́dọ̀ Faransé, wọn kò gba èdè ìbílẹ̀ láàyè nínú ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Faransé ti jọba, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní "symbole": pátákó, egungun, ohunkóhun tí wọ́n lè fi kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn, kó máa gbé e kiri títí á fi rí ẹlòmíràn gbé e fún. Ṣé ó jọ nǹkan tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi lónìí? Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú gbogbo ìwà wọn, gbà kí ọmọ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ìwé. Àwọn bàbá wa àgbà kọ́ ABD kí wọ́n tó kọ́ ABC. Àwa la wá fi ọwọ́ ara wa gbé symbole kọjá bọ́dà lẹ́yìn òmìnira, a sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ lé e lórí. Tí ẹnikẹ́ni bá wí fún mi pé ìtàn kì í ṣe àwàdà, màá rántí èyí.

Èéṣe tí èsì Ifẹ̀ kò fi dé kíláàsì? Lákọ̀ọ́kọ́, owó Ford Foundation tán, kò sì sí ìjọba tó fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwé praimárì Yorùbá fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò dé ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo. Ìlànà 1977 ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi èdè ìyá kọ́ ọmọ, kí wọ́n bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì tó bá yá. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2004 ní ọdún mẹ́ta, èyí tó jẹ́ pé ohun tí Modákẹ́kẹ́ fi hàn pé kò dára tó gan-an ni. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1992. Ọdún méjì, lábẹ́ ìjọba ológun. Ó kú ní 2010. Ìgbà tí ìlànà wá fi gba ọdún mẹ́fà lórí ìwé ní 2022, àwọn tó jẹ́ ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní Modákẹ́kẹ́ ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún.

Lẹ́yìn náà, àwọn òbí. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ìyá mi ló mú mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ onípátákó yẹn, owó tó sì fi san án kì í ṣe owó kékeré. Ó fẹ́ kí n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà tí ọmọ lè gbà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tísà tí ẹ ń gbọ́ mi dúró sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ohun tí mínísítà sọ. Ìwádìí Ifẹ̀ kì í ṣe ìwé àwọn tí kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kà á. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò lo Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìṣirò, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn kò kéré sí ti àwọn tó lò ó. Kò lè jẹ́ idán. Tísà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè tuntun, pẹ̀lú sùúrù, láti orí ohùn dé orí gbólóhùn, dípò kí wọ́n máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí tísà pàápàá kò dá lójú láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Kò sí ìlànà kankan, kódà ti 2025, tó ní kí tísà má ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyẹn. Kò sì sí èyí tó lè wọ inú orí ọmọ lọ dí i lọ́wọ́ kó má fi Yorùbá ronú nígbà tó bá ń yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú ogójì.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé tí mo bá rí ìwé 1989 yẹn, ṣé á kà á. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́, tó bá wà lórí fóònù. Ṣé o rò pé mo ráyè lọ sí láíbírì ni?" Ó ní kí n ya orí tó sọ̀rọ̀ nípa ìṣirò ní fọ́tò kí n fi ránṣẹ́, torí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa bẹ̀rẹ̀ ìdá, àwọn praimárì kẹrin sì máa ń sunkún lórí ìdá. Mo ti ń wá a kiri. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní in nílé, tàbí bàbá yín ní in nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí wa.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ Comprehensive ní Ayétòrò ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ńkọ́, tàbí tí òbí yín lọ ibẹ̀? A fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Ẹ fi voice note ránṣẹ́, ẹ sọ fún wa ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́, ẹ sì sọ èyí tí ẹ ṣì ń lò lónìí. Èyí tó bá gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ẹ pín in sí méjì.